Tẹlifíṣàn Tí Mo Bá Bàbá Yàn

Òórùn fáníìsì ni ó kọ́kọ́ pàdé èmi àti Bàbá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tẹlifíṣàn kan ní Bẹẹrẹ, fáníìsì tuntun ara àpótí tẹlifíṣàn tí oòrùn ti pa láti àárọ̀, tí eruku títì sì ti dà mọ́. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn yẹn níbikíbi, ìbáà ṣe lọ́dọ̀ káfíńtà, ara mi á kọ́kọ́ yá gágá, lẹ́yìn náà ni ojú á wá tì mí. Ìwọ náà á ní irú òórùn bẹ́ẹ̀ tìrẹ, nítorí náà má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni. Mo ti di tíṣà, mò ń wọ bàtà gogoro lọ kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Òkè-Àdó, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ojú mi kò lè yàn. Bàbá mi, tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí ọrùn agbádá, ní kí n bá òun lọ ra tẹlifíṣàn fún agbo ilé wa ní Ọ̀rányàn. Àwọn ará ilé rò pé torí pé mo kàwé ni. Èmi nìkan ni mo mọ ìdí rẹ̀. Ojú Bàbá ti ń ṣú. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń bá a ti òwú bọ abẹ́rẹ́ láàárọ̀ kí n tó lọ síléèwé, tí mò ń to àwọn abẹ́rẹ́ náà sára tìmùtìmù kí oníbàárà lè rò pé Bàbá fúnra rẹ̀ ló ti òwú bọ̀ wọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ọnà yẹn ju bí ojú ti mọ̀ ọ́n lọ. Ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, àní ìyá mi pàápàá, torí ta ni yóò gbé agbádá ìgbéyàwó rẹ̀ fún afọ́jú?

Lójú ọ̀nà, ó ń bá mi ṣàwàdà. Ó ní, “Ẹ̀yin ará ilé, ẹ máa wòran. Èmi, ẹ jẹ́ n máa gbọ́ràn.” Mo ní ní kíláàsì tèmi, ọmọdé ni à ń ní kó gbọ́ràn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Kí ohùn rẹ̀ ṣáà dá ṣáká, ìyá mi.”

Méjì ni wọ́n tàn fún wa. Àkọ́kọ́ rí bí àpótí ọṣẹ, ojú rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju abọ́ ìmùkọ lọ. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀! Bí obìnrin tó ń ka ìròyìn ti lanu, àfi bí ẹni pé orí ẹní kan náà la jọ jókòó. Èkejì ga, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ìlẹ̀kùn méjì tó ń dán, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ débi pé mo lè ka ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn obìnrin náà. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ohùn rẹ̀ há, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú agolo. Kí n má purọ́ fún ọ, mo ti ń rí àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi nínú pálọ̀ wa, tí wọ́n ń fọwọ́ pa ìlẹ̀kùn yẹn.

Ọkùnrin tó ń tajà fa Bàbá síwájú èyí tó ga, ó ní kí ó wo bó ṣe mọ́. Kọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Bàbá kọjú sí. Ó mi orí, ó ní ó mọ́. Ó wá yíjú sí mi.

“Ohùn ńkọ́?”

Mo wo ìlẹ̀kùn méjì yẹn. Mo ní, “Ohùn rẹ̀ dáa, Bàbá. Ariwo mọ́tò ni kò jẹ́ kó mọ́ sí yín létí. Tó bá délé, á dá ṣáká.”

Ó dẹ etí sí èyí kékeré, ẹnu rẹ̀ sì fẹ́ là. Ọlọ́jà ní, “Àbí ojú Bàbá wà lára kékeré yẹn ni?” Bí ó ti dárúkọ ojú, mo rí i tí ara Bàbá mi le. Ó ní, kíá, “Rárá o. Èyí tí ọmọ mi yàn ni.”

Bí a ṣe gbé e délé nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, pálọ̀ á kún fọ́fọ́, ariwo èrò á sì bo ohùn agolo náà mọ́lẹ̀. Bàbá máa ń jókòó níwájú. Bí gbogbo ilé bá rẹ́rìn-ín tán, òun náà á wá rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó ń ṣe àmín sí àdúrà tí kò gbọ́. Kò ju oṣù méjì lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Ọjà'ba lẹ́yìn ìrun Màgàríbì, ó ń lọ gbọ́ rédíò. Ìyàwó kékeré Bàbá ní ẹlẹ́ja ló ń lọ tọrọ eegun kiri yẹn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń wá lọ.

Lọ́jọ́ kan, mo lọ mú un wálé. Ó fi etí ti ògiri lábẹ́ rédíò náà, ó dijú, ó ń rẹ́rìn-ín síbi tó yẹ kó ti rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ irọ́ mi. Ó dúró kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò parí ná.

“Mo gbọ́ méjèèjì lọ́jọ́ yẹn. Etí mi kò ṣú.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀, Bàbá?”

“Kí n sọ pé ohùn ni mo fẹ́, kí wọ́n wá bi mí pé ojú mi ńkọ́?”

Mo ní n máa lọ bẹ̀ wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù yẹn kí wọ́n bá wa pààrọ̀ rẹ̀. Ó kọ̀, ó ní ará ilé á béèrè ìdí. Ó na ọwọ́ sí mi kí n mú òun kọjá gọ́tà, kò sì tún mẹ́nu bà á títí ó fi kú.

Mo ti purọ́ púpọ̀ láyé mi, àwọn kan tilẹ̀ dùn tí mo fi ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Eléyìí kò lẹ́rìn-ín nínú. Ká ní n kò mọ̀ nípa ojú rẹ̀ ni, ǹ bá ti dárí ji ara mi tipẹ́. Ṣùgbọ́n àṣírí kan ṣoṣo tí bàbá mi fi pamọ́ sí mi lọ́wọ́, òun gan-an ni mo fi dí i lẹ́nu.