Ọjọ́ Tí A Sẹ́ Abà Wa

Òyìnbó ṣì wà lórí àga ìjọba nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Àwọn ọdún 1950 ló bọ́ sí, lẹ́yìn tí òfin tuntun dé pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan máa fi ìbò yan àwọn tí yóò máa ṣe àkóso rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tí wọ́n bá fi sínú ìgbìmọ̀ ìlú ló wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bi wá léèrè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni, mo sì gbà pé kò sí ẹni tó gbọ́n tó mi láti Ìwó dé Kúta. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń sọ pé àwa àgbà kò jà fún nǹkan kan, ẹ fara balẹ̀. A jà. Ṣùgbọ́n kí a tó bá ẹnikẹ́ni jà, ara wa la kọ́kọ́ dà, èmi gan-an sì wà nínú àwọn ọ̀dàlẹ̀ náà.

Abà Ìdí-Akókó ni bàbá mi ti ń dáko kòkó, ibẹ̀ náà sì ni mo ti ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé kékeré kan tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò. Bí èèyàn bá ń bọ̀ láti Ìwó, á gba ọ̀nà Olúpọ̀nnà díẹ̀, á yà sínú igbó, á sì kọjá odò Alákàn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò náà kì í ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Bí òjò bá dé, ó di ọ̀rọ̀ mìíràn. Obìnrin tó ń rọbí, ọmọ tí ibà dá dúbúlẹ̀, etí odò ni wọn yóò dúró sí títí omi yóò fi fà, nítorí Ìwó ni ilé ìwòsàn wà. Afárá ni a ń fẹ́. A ti bẹ ìgbìmọ̀ àtijọ́ títí, wọ́n kàn ń sọ pé àwọn ti gbọ́ ni.

Nígbà tí òfin tuntun dé, mo rò pé mo ti rí ọ̀nà. Bí àwọn abà tó wà lẹ́yìn odò bá di wọ́ọ̀dù kan fúnra wọn, wọn yóò ní kánsẹ́lọ̀ tiwọn, ẹni tí yóò máa pariwo afárá létí ìgbìmọ̀ títí yóò fi sú wọn. Èmi ni mo kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà sí ìjọba, gbogbo gírámà tí mo ní ni mo sì kó sínú rẹ̀. Wọ́n dáhùn pé àwọn yóò rán akọ̀wé kan wá láti mọ iye àwọn tí ilé wọn wà lẹ́yìn odò.

Akọ̀wé náà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́. Ó jókòó sábẹ́ igi akókó, ó ṣí ìwé, ó sì ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè rẹ̀ kò le rárá. Ó ń béèrè orúkọ, lẹ́yìn náà ó ń béèrè ibi tí ilé ẹni wà.

Ẹni tí kò bá mọ Ìwó ìgbà yẹn lè má mọ ohun tó ṣe wá. Kò sí èébú tó máa ń dun èèyàn tó kí wọ́n pè é ní ará oko. Èèyàn lè lo ogójì ọdún nínú abà, kó bí gbogbo ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, kó jẹ́ Iléyá àti ìnáwó ẹbí nìkan ni yóò máa gbé e wọ ìlú. Bí ẹ bá bi í níbi tí ilé rẹ̀ wà, agbo ilé tí wọ́n ti bí bàbá rẹ̀ ní Ìwó ni yóò dárúkọ, yóò sì gbé àyà sókè. Bàbá mi ló kọ́kọ́ dáhùn. Wọ́n ní ilé Alápò ni, ní Ìwó. Ẹni tó tẹ̀ lé wọn ní ilé Alápò. Ẹni kẹta ní ilé Olúọdẹ. Alfa Búráímọ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kéú, tí kò sùn ní Ìwó láti ìgbà ààwẹ̀ tó kọjá, na ìka sí ọ̀nà ìlú, wọ́n ní Ìwó ni.

Nígbà tó kàn mí, mo ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnu ara wa ni a fi ń pa wọ́ọ̀dù wa. Ṣùgbọ́n mo ń fẹ́ ọmọbìnrin kan nígbà náà tí àwọn òbí rẹ̀ ń ta aṣọ láàárín ìlú, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i nínú ìwé ìjọba pé ará oko ni tíṣà tó ń wá fẹ́ ọmọ wọn. Mo ní Ìwó ni ilé mi. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti sọ ọ́, ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ yìí.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìwé ìjọba padà dé, wọ́n ní akọ̀wé àwọn kò rí ẹnì kan tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn odò Alákàn. Wọ́n ní kí kálukú wá dìbò ní agbo ilé rẹ̀ ní ìlú. Inú Mọ́gàjí ilé Alápò dùn. Àwọn ni olórí agbo ilé wa, wọ́n fẹ́ ṣe kánsẹ́lọ̀ fún àdúgbò náà, wọ́n sì mọ̀ pé ọmọ ilé kò ní lè kọ̀ fún olórí ilé. Nígbà tí èmi àti bàbá mi lọ bá wọn pé kí wọ́n jẹ́ ká bẹ ìjọba lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko, ta ló wá ń kó ilé lọ sóko?

Mo kọ ìwé kejì ṣá. Mo ṣàlàyé ohun tí a ṣe àti ìdí tí a fi ṣe é. Bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan nítorí ìwé náà, wọ́n ní mo lọ fi àwọn sun ìjọba pé òpùrọ́ ni àwọn. Ìjọba wá rán ọ̀gá kan láti Ìbàdàn, Yorùbá bíi tiwa, pé kó wá fi ojú ara rẹ̀ rí ibẹ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ọ̀gá náà bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, omi Alákàn sì dé e ní itan. Mọ́gàjí náà wá pẹ̀lú àwọn ènìyàn wọn láti ìlú. Èjìká ni àwọn ènìyàn náà fi gbé Mọ́gàjí kọjá.

Gbogbo wa péjọ sábẹ́ igi akókó. Ọ̀gá náà kò fi igbá kan bọ̀kan nínú. Ó ní nígbà ọyẹ́, a ní Ìwó ni ilé wa, nígbà tí òjò dé, a ní ibí ni, èwo wá ni kí òun gbà? Kí bàbá mi tó la ẹnu, Mọ́gàjí ti gba ọ̀rọ̀ sọ.

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ibi tí èèyàn bá ń sin òkú rẹ̀ sí ni ilé rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi sàréè kan ṣoṣo hàn yín níbí."

Ọ̀kan wà, gbogbo wa sì mọ̀ ọ́n. Bàbá Sàlámì, àbúrò Mọ́gàjí ní ọmọ ìyá, ti ṣàìsàn sí abà ní ọdún méjì ṣáájú, nígbà tí odò kún. Nígbà tí wọ́n kú, a kò lè gbé wọn kọjá, Mùsùlùmí kì í sì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Alfa Búráímọ̀ ló kírun sí wọn lára, a sì sin wọ́n síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ ilé Alápò máa sùn sóko bẹ́ẹ̀, ìtìjú ńlá ni lójú Mọ́gàjí. Nígbà tí àwọn èèyàn wá kí wọn ní ìlú, òkìtì kan ní ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń nawọ́ sí pé ibẹ̀ ni àbúrò àwọn wà. Ta ni yóò pe àgbà ní òpùrọ́? Gbogbo wa ló panu mọ́.

Ìyá Sàlámì, opó wọn, wà láàárín àwọn obìnrin. Wọ́n dìde, wọ́n sì wá kúnlẹ̀ níwájú Mọ́gàjí.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ọkọ mi lẹ jẹ́, mi ò sì rí yín fín rí. Àmọ́ mi ò lè bá yín gbé irọ́ yìí mọ́." Wọ́n yíjú sí ọ̀gá Ìbàdàn. "Ẹ dìde kí n mú yín lọ, ẹ̀yìn ilé ìdáná mi ni ọkọ mi wà. Ọjọ́ mẹ́ta la fi gbé wọn lọ sétí odò, tá a tún ń gbé wọn padà. Lọ́jọ́ kẹrin, kò sí ẹni tá a máa gbé lọ mọ́."

Mọ́gàjí kò gbé ohùn sókè. Wọ́n ní, "Ṣé o mọ ohun tó o sọ? Bí oko bá ti di ilé rẹ, má wá yàrá wá sí agbo ilé mi mọ́."

"Mo gbọ́, Bàbá. Àwọn ọmọ mi ńkọ́?"

Mọ́gàjí wo ibòmíràn.

Ìyá Sàlámì dìde, wọ́n gbọn eruku orúnkún wọn, wọ́n sì mú ọ̀nà ilé ìdáná pọ̀n. Ọ̀gá náà tẹ̀ lé wọn. Mo bá wọn lọ. Ó dúró níwájú sàréè náà, ó ṣí fìlà, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé e padà. Nígbà tí a padà sábẹ́ igi, ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé tuntun, ó ní kí a tún un bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ló tún kọ́kọ́ dáhùn, bí wọ́n ṣe ṣe nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n ní, "Ìdí-Akókó." Mo wà lẹ́yìn wọn, mo sọ tèmi, kò sì sí ohun tó ṣe mí.

Bí a ṣe gba wọ́ọ̀dù nìyẹn. Ní ọjọ́ ìbò, àpótí dé ọ̀dọ̀ wa, a kò ní láti rìn dé ìlú kí olórí ilé máa wo ojú wa. Alfa Búráímọ̀ la yàn. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní kéú làwọn mọ̀, a kò gbà fún wọn. Nínú ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ yòówù tó bá wà nílẹ̀, bí wọ́n bá ní kí Alfa dá sí i, afárá ni wọn yóò fi parí rẹ̀, títí àwọn yòókù fi ń pè wọ́n ní Alfa Afárá. Ìgbìmọ̀ fún wa ní pákó àti gbẹ́nàgbẹ́nà, a fi ọwọ́ ara wa ṣe ìyókù. Kò fẹ̀, èèyàn méjì kò lè rìn lórí rẹ̀ pọ̀. Síbẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n gbé ìyàwó mi gbà nínú òjò nígbà tó ń rọbí àkọ́bí wa, ó sì bí i ní Ìwó láyọ̀. Àwọn àna mi tí mò ń bẹ̀rù náà kò sọ nǹkan kan ju pé kí n máa rántí kó iṣu wá.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí bóyá a borí, a borí. Ọ̀pọ̀ ìjà ni mo ti jà lẹ́yìn rẹ̀, nínú ẹgbẹ́ tíṣà àti nínú òṣèlú, n kò rí èyí tó mọ́ tó o. Ìjọba mìíràn dé lẹ́yìn náà tó tún kó agbára lọ sókè, tó ń ti ọ̀nà jíjìn yan ẹni tí yóò ṣàkóso wa. Wọn kò rí afárá náà kó lọ.

Ṣùgbọ́n Mọ́gàjí kò yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Wọ́n fi ẹlòmíràn sínú yàrá Ìyá Sàlámì, àwọn ọmọ wọn ọkùnrin kò sì ní ibi tí wọ́n lè fi orí lé ní ilé bàbá wọn. Àwa tí a jẹ èrè ọ̀rọ̀ Ìyá Sàlámì, ṣé a kóra jọ lọ dọ̀bálẹ̀ fún Mọ́gàjí nítorí wọn? A kò lọ. Kálukú wa ń rò pé ẹlòmíràn yóò lọ. Abà ni Ìyá Sàlámì kú sí, wọn kò bá mi jà lórí rẹ̀ rí, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Mo ti bá àwọn tó ń darí ilé Alápò lónìí sọ ọ́ pé yàrá náà tọ́ sí àwọn ọmọ Ìyá Sàlámì, n kò sì ní dákẹ́ títí wọn yóò fi fún wọn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, tiyín yàtọ̀ sí tiwa. Nígbà tiwa, gbogbo wa ló ń gbé abà, kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́. Nísinsìnyí, bí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ bá ti ń bọ̀, àwọn tó ń gbé Òṣogbo àti Ìbàdàn yóò ya dé pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń dán, wọn yóò ní abà ni ilé àwọn. Ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ kàn ní kí wọ́n wá bá yín gbé oṣù kan kí ẹ tó dìbò fún wọn, kí ẹ sì rí i pé oṣù òjò ni.