Orí Kẹrin Tí Mi Ò Yọ

"Ó ti falẹ̀ jù," ni ọ̀gá atẹ̀wé kan ní Ìkìrun wí, ó sì fi bírò pupa fa ìlà gba àárín orí kẹrin ìtàn mi kọjá. "Tíṣà, ọkọ obìnrin yìí ti kú sóko. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ fún un kíá, ká máa lọ. Ojú ìwé méje gbáko, ìkíni ni ẹ kọ kún un!"

Inú bí mi. Ní nǹkan bí ọdún 1992 ni, mo ń ṣe tíṣà ní Inísà, ọwọ́ ni mo sì fi kọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìrìn àjò tí mo fi ojú ìwé mẹ́ta ròyìn, ó gé e kù sí ìlà méjì, mo ní ó ṣeun. Ibẹ̀ ń fẹ́ eré sísá. Àmọ́ orí kẹrin kì í ṣe ibi eré. Bí wọ́n ṣe túfọ̀ bàbá mi fún mi gẹ́lẹ́ ni mo kọ síbẹ̀. Àwọn àgbà mẹ́ta wọlé, wọ́n kí mi, wọ́n béèrè bí iṣu ṣe ta lọ́dún náà. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun, wọ́n sì dúró kí n jẹ ẹ̀kọ mi tán kí wọ́n tó ní ara bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Ta ló ń sọ ọ̀rọ̀ ikú lu ọmọ èèyàn bí òkò?

Mo ní, "Ọ̀gá, mi ò yọ ọ́."

"Ẹ máa gbé e lọ síbòmíràn nìyẹn."

Mo kó ìwé mi, mo wọkọ̀ padà sí Inísà. Agídí ni mo ṣe, mi ò ní purọ́; mi ò kúkú mọ atẹ̀wé mìíràn.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo ti gbọ́ pé ìyá rẹ̀ kú ní Òkúkù. Mo gbé ìwé mi dání dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ní ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ó fa àga fún mi.

"Inú ṣọ́ọ̀bù yìí ni àwọn mọ̀lẹ́bí wá bá mi. Mo rí i lójú wọn, mo pariwo pé kí wọ́n sọ ọ́ kíá. Àgbà inú wọn ní kí n jókòó ná, ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Wọ́n bu ẹ̀bà fún mi. Tíṣà, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń jẹ ẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń jẹun yẹn, ìyá mi kò tíì kú."

Ó na ọwọ́ gba ìwé mi.

"Orí kẹrin yẹn," ó ní, "ẹ fi ojú ìwé kan kún un."

"Rárá o, ọ̀gá," ni mo wí. "Méje tó."