Gẹ̀ẹ́sì Ọlálẹ́yẹ Níbi Òkú Olówòkéré

Ní Oríòkè-Ìwàmímọ́, Ọlálẹ́yẹ ni í kọ ìtàn ìgbésí ayé òkú ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti ṣe akọ̀wé ìjọba rí, ibẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀ ti sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì tó dára gbọ́dọ̀ so pọ̀, kí gbólóhùn kan di èkejì lọ́wọ́ mú. Ọ̀gá kò sọ fún un pé ó gbọ́dọ̀ nídìí tí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Láti ìgbà náà ló ti ń da "however" àti "consequently" sínú ìwé bí ẹni ń da iyọ̀ sọ́bẹ̀ láìtọ́ ọ wò. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ti gùn, òkú ti gbayì nìyẹn.

Àfìgbà tí Olówòkéré apẹja kú. Moríkẹ́, opó rẹ̀, ní òun fẹ́ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ nípa ọkọ òun, kí Wọlé, ògbufọ̀ ìjọ, máa túmọ̀ rẹ̀. Inú Ọlálẹ́yẹ dùn: wọn yóò gbọ́ iṣẹ́ òun lẹ́ẹ̀mejì!

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ó wọ kóòtù nínú ooru, ó gbóhùn sókè: "He was a good fisherman. However, he feared God."

Wọlé ní, "Apẹja rere ni. Síbẹ̀síbẹ̀, ó bẹ̀rù Ọlọ́run."

Àwọn apẹja wo ara wọn lójú.

"He was baptised in this church. As a result, he lost his sight."

"Wọ́n ṣèrìbọmi fún un nínú ìjọ yìí. Nítorí ìdí èyí, ojú rẹ̀ fọ́."

Pásítọ̀ wúkọ́.

"He married Moríkẹ́. Consequently, he died."

Wọlé fẹ́ fò ó kọjá. Moríkẹ́ ní, "Sọ ọ́!"

"Ó fẹ́ Moríkẹ́. Ohun tó tìdí ẹ̀ yọ ni pé, ó kú."

Opó dìde fùú. "Akọ̀wé, ṣé èmi ni mo pa ọkọ mi?"

"Rárá o, ìyá! Mo kàn fi so ọ̀rọ̀ pọ̀ ni."

"Ẹ wá so ìgbéyàwó mi mọ́ ikú!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ni gbogbo ìjọ bá gbà á. Pásítọ̀ sáré dá orin.

Níta, Ọlálẹ́yẹ fa Wọlé láṣọ. "Ìwọ lo ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́!"

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tẹ́ ẹ kọ ni mo sọ. Kí lẹ rò pé 'consequently' jẹ́ tẹ́lẹ̀?"

 Lójú Ọlálẹ́yẹ, ohun téèyàn fi ń mí láàárín gbólóhùn méjì ni. 

Ìtìjú lé e lọ sílé. Nígbà tó tún gbé kálàmù, Yorùbá ló kọ́kọ́ fi ń sọ ọ̀rọ̀ sétí ara rẹ̀. Bí kò bá dún dáadáa, á pa á rẹ́. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wá tọ́, ó ń ṣàn.

Àmọ́ àwọn ará ìlú kò fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì tuntun yìí. Ọlọ́rundáre tó fẹ́ sin bàbá rẹ̀ ka èyí tó kọ fún un tán, ó fajú ro.

"Akọ̀wé, èyí ti yé mi jù. Ẹ bá mi kọ irú ti àtijọ́. A ò ní pe ògbufọ̀."