Bàbá Tó Gba Iwájú Mọ́tò

Òórùn sìgá àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀ sí erékùṣù Sardegna. Mọ́tò tí a háyà létí èbúté ni mò ń wí. Ó funfun, ó kéré. Ẹni tó lò ó ṣáájú wa ti mu sìgá nínú rẹ̀ títí aṣọ ìjókòó fi gbà á sára, àwọn tó ni ín wá so nǹkan olóòórùn ọsàn mọ́ jígí iwájú, àfi bí ẹni fín tùràrí sí ilé ewúrẹ́. Ọkọ mi ṣí gbogbo fèrèsé, ó wò mí, ó ní, "Ìyálójà, ó ku àwa méjì."

Tí o bá mọ bí a ṣe ń gbé nígbà náà, wàá mọ ìdí tí a fi sọdá òkun nítorí ọ̀rọ̀ tí èèyàn lè sọ nílé ìdáná. Ṣọ́ọ̀bù irun àti ìpara ni mo ní ní Sampierdarena, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté Genova. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tí wọ́n ti ń ṣe àga ní Treviso, ìparí oṣù nìkan ló ń wálé. Tó bá sì wálé, àwọn oníbàárà mi ló máa ń bá lórí àga wa, wọ́n á ní kó bá àwọn wò ó bóyá irun náà bá ojú àwọn mu. Ọmọbìnrin wa ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. A gbọ́dọ̀ pinnu: ṣé èmi ni màá ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí n gbé ọmọ lọ bá a, àbí òun ni yóò fi Treviso sílẹ̀ wá wáṣẹ́ sí èbúté. Gbogbo ìgbà tí a bá ti dẹ́nu lé e, ẹnìkan á kanlẹ̀kùn. Ọkọ mi ló ní ká gbé ọmọ sọ́dọ̀ aládùúgbò, ká wọ ọkọ̀ ojú omi, ká fi odindi ọjọ́ kan wa mọ́tò yí erékùṣù ká. Kí a tó padà, ká ti mọ ibi tí a ó máa gbé.

Ọ̀nà ibẹ̀ ń gun òkè, ó ń sọ̀, òkúta lápá kan, òkun lápá kejì, igbó kúkúrú tó ń ta sánsán bí ewé àgbo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó. Mo ní àgùntàn wọn sanra. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òkun yìí mọ́ ju ti Genova lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mò ń retí kó bẹ̀rẹ̀, ó sì jọ pé òun náà ń wo ẹnu mi. Bí a ṣe yọ ní kọ́nà kan, mo rí bàbá àgbà kan lábẹ́ igi, òun àti àpò ńlá kan.

"Dúró, dúró. Ilà wà lójú bàbá yẹn."

"Ilà kí ni, ní Sardegna?"

"Ilà Ògbómọ̀ṣọ́. Padà sẹ́yìn, jọ̀ọ́."

Mo yọrí síta, mo ní, "Ẹ kú ìdúró o, bàbá," àpò sì já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Táwẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń tà fún àwọn tó ń yá oòrùn létí òkun. Bọ́ọ̀sì ti fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Wọ́n ní ó ti pẹ́ táwọn gbọ́ Yorùbá kẹ́yìn, àfi lẹ́nu ara àwọn, táwọn bá ń gbàdúrà. Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò lè wà níwájú kí àgbàlagbà máa ká ara wọn mọ́ ẹ̀yìn. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ní, "Ẹ bọ́ síwájú, sà," mo sì lọ há ara mi sáàárín táwẹ́ẹ̀lì. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ̀yìn ọrùn ọkọ mi ni mò ń wò.

"Ìyàwó wa, ṣé ó gbà ọ́ lẹ́yìn?"

"Ó gbà mí bó ṣe ń gba ẹ̀wà nínú agolo, bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi húkọ́. "Ọmọ mi, ẹnu ìyàwó rẹ mú. Yà sọ́tùn-ún níbí."

Ọ̀tún yẹn, ọjà wọn ló wà níbẹ̀. Gbogbo etíkun ni bàbá mọ̀, a sì ń gbé wọn láti ọ̀kan dé òmíràn. Ta ni yóò sì máa bá ọkọ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ ilé gbígbé níwájú irú wọn? Kí a tó sọ ìdajì, wọn ì bá ti dájọ́. Nígbà tó yá, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo gbé táwẹ́ẹ̀lì kan kọ́ èjìká, mo lọ bá òyìnbó obìnrin kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n bí ata, mo ní awọ ara ẹ ń sunkún. Ó ra méjì. Bàbá ní ọjà wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tí mo padà wá kó òmíràn, ọkọ mi jókòó lórí imú mọ́tò, ó ti bọ́ bàtà. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ìyálójà, ọ̀rọ̀ wa ńkọ́?"

"Jẹ́ ká kọ́kọ́ já bàbá sílẹ̀ ná."

"Kò burú." Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ìgbà tó kù díẹ̀ ká dá mọ́tò padà ni bàbá tó sọ̀kalẹ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé wa lórí, wọ́n ní inú ilé kan náà la ó ti jọ dàgbà. A ṣe àmín tó ròkè. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ọkọ mi sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ rélùwéè lọ sí Treviso.

Ọmọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ní Sampierdarena, torí pé ibẹ̀ ló kúkú wà. Kò sẹ́ni tó pinnu. Oṣooṣù tó ń wálé di ìgbà Kérésìmesì àti Àjíǹde, títí ẹlòmíràn fi ń se oúnjẹ fún un lọ́hùn-ún. A ò jà. Tó bá ṣe pé a jà ni, o mọ̀ mí, ǹ bá borí.

Ọdún tí ọmọ náà gboyè ní Padova, a jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, à ń wò ó bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń fi ewé ṣe adé fún un, gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀. Mo bi ọkọ mi, bí mo bá ṣì lè pè é bẹ́ẹ̀, pé kí ló fẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́ Sardegna.

"Mi ò rántí mọ́. Ohun tí mo rántí ni pé nígbà tó o ní kí n dúró, ara tù mí."



"Èmi náà," ni mo wí.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi di ẹ̀bi ru àgbàlagbà tó kàn ń wá ẹni bá sọ̀rọ̀. Láti Genova ni èmi àti ọkọ mi ti ń wá ẹni tí yóò jókòó sáàárín wa. Ó kàn jẹ́ pé bàbá ló dúró létí ọ̀nà.