Gààrí Ìjẹ̀bú Nínú Omi Ìfọwọ́

Èmi tí ẹ ń wò yìí ni mo kọ́ gbogbo ọlọ́lá Lọ́ńdọ̀nù ní gààrí mímu. Ọ̀gá ọkọ̀ onígbòkun tí mo bá ṣiṣẹ́ dé ọ̀hún ló mú mi lọ jẹun nílé ìyá rẹ̀. Àwo fàdákà ni wọ́n fi gbé ẹran wá, àmọ́ ẹran náà fẹ́lẹ́ bí ewé. Ebi ṣì ń pa mí nígbà tí wọ́n gbé omi tútù síwájú kálukú nínú abọ́ kékeré. Mo ní, "Ẹ ṣeun o! Ẹ mọ̀ pé ará Ìjẹ̀bú-Òde ni mí." Mo da gààrí inú àpò mi sí i.

Ọ̀gá mi ní, "Omi ìfọwọ́ nìyẹn!"

Ojú gbà mí tì.

Ni ìyá arúgbó náà bá na abọ́ tirẹ̀ sí mi: "Bù fún èmi náà, ọmọ mi." Ó mu ún, kíkan rẹ̀ mú un fajú ro, ó tún ní kí n bù sí i. Títí dòní ni mo ń súre fún un, torí ó bò mí láṣìírí.

Irọ́ ni ti gbogbo ọlọ́lá Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá yẹn nìkan ló mu ún. Kò sì ní kí n bù sí i.