Sìmbíátù Ń Wá Orírun Ilá

Nígbà tí Sìmbíátù Àlímì sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní Bàrígà pé òun fẹ́ padà sí yunifásítì láti lọ gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ewéko, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ bi í: "Ta ló ń gba irú wọn síṣẹ́?"

Ọdún 1988 ni. Ìjọba sójà ti gbé ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé, náírà ti di yẹpẹrẹ, àwọn tó kàwé gboyè sì ń rìn kiri Marina láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Bàbá rẹ̀, Alàgbà Yaqub Àlímì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba, jókòó sórí àga onírin rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń tẹ́tí, kò dá sí i. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n. Ìgbà tí Sìmbíátù ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni wọ́n kó wá sí Bàrígà. Gbogbo àwọn ọmọ tó kù nílé ló ń ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn lè dárúkọ rẹ̀ láìṣàlàyé.

Mahmood, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, ló kọ́kọ́ gbìyànjú láti yí i lọ́kàn padà.

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí báǹkì tuntun," ó ní. "Wọn ò bìkítà ohun tó o kà. Ẹni tó gbọ́n, tó lè sọ̀rọ̀ dáadáa ni wọ́n ń wá. Mo ti bá ọ̀gá mi kan sọ̀rọ̀ nípa ẹ. Ọjọ́ Ajé ni kó o wá rí i."

"Ẹ ṣé gan-an, bọ̀ọ̀dá mi. Àmọ́ mi ò ní wá."

"Sìmbí, kí lo fẹ́ fi ìmọ̀ ewéko ṣe? Ṣé o fẹ́ máa gbin òdòdó síwájú ilé àwọn ọ̀gá sójà ni?"

"Ilá ni mo fẹ́ wádìí," ni Sìmbíátù dáhùn. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín.

Mahmood wo bàbá wọn bóyá yóò bá òun dá sí i. Bàbá ń wo ojú títì.

Kì í ṣe pé Sìmbíátù kàn ń ṣe orí kunkun. Láti kékeré ló ti ń bá ìyá rẹ̀ rẹ́ ilá, ó sì ti ṣàkíyèsí pé oríṣi méjì ni ilá tó ń wọlé. Èkíní ń yára so lásìkò òjò, kì í sì pẹ́ kó tó gbẹ dànù. Èkejì ń ga bí igi, ẹ̀ka rẹ̀ nípọn, ó máa ń pẹ́ kó tó so, ṣùgbọ́n bó bá ti bẹ̀rẹ̀, á máa so títí wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí ti àkọ́kọ́ ti tán lórí ilẹ̀. Ilá ni gbogbo ayé ń pe méjèèjì. Ní yunifásítì ló ti gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé ó jọ pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, pé èyí tó ń pẹ́ yẹn, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí ló wọ́pọ̀ sí, àti pé kò tíì yé ẹnikẹ́ni dáadáa bí ó ṣe di ohun tó dà. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ ni, kò sì sí ẹni tó mọ bàbá tó bí i.

Olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹkúndayọ̀, jẹ́ arúgbó tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ìdajì àwọn olùkọ́ ẹ̀ka náà ti gba Saudi àti Amẹ́ríkà lọ. Òun kò lọ. Ní ọjọ́ tí Sìmbíátù wá forúkọ sílẹ̀, ó mú un wọ láàbù, ó fi àwọn ìgò tó ṣófo hàn án lórí pẹpẹ.

"Wo ohun tó kù fún wa. Kẹ́míkà tí a fi ń pa gbòǹgbò láró ti ń tán lọ, àtirà á sì ti di ogun. Nẹ́pà ń ṣe bó ṣe wù wọ́n. Ṣé o ṣì fẹ́ ṣe é?"

"Mo fẹ́ ṣe é, sà."

"Ó dáa. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún àwọn tó kù. Ní òkè òkun, wọ́n ti ń ka DNA, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀dá fi pamọ́ sínú ohun alààyè, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Láìpẹ́ wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti irúgbìn. Ọjọ́ tí wọ́n bá dé orí ilá, iṣu àti ẹ̀gẹ́, wọ́n á wá ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ àwọn ohun ọ̀gbìn wọ̀nyí. Iṣẹ́ ńlá ń bọ̀ níbẹ̀. Kó má bá ọ lórí ìjókòó ni."

Sìmbíátù bẹ̀rẹ̀. Ó gbin oríṣi ilá méjèèjì sínú agolo ọ̀dà àtijọ́ lẹ́yìn láàbù. Ó ti kọ́kọ́ gbin èyí tó ń pẹ́, ó bomi rin ín la ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, kí òdòdó rẹ̀ má tíì tán nígbà tí ti òjò bá yọ tirẹ̀. Ìdí ni pé ó fẹ́ fi ọ̀kan gba èkejì lóyún, kó wo irú ọmọ tí wọn yóò bí. Bí méjèèjì bá jẹ́ ìran kan náà, ọmọ wọn yóò so, yóò sì ní hóró. Bí ìran wọn bá ti jìnnà síra, inú hóró ni yóò ti hàn, kò ní tó nǹkan.

Ó kù díẹ̀ kí òdòdó ilá òjò là ní ọdún 1989 ni ìwọ́de Sáàpù bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n sun táyà láti Yábàá dé Ọbáńíkòró, ìjọba sì ti yunifásítì pa, wọ́n ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kó jáde. Nígbà tí Sìmbíátù fi rí ọ̀nà dé géètì, sójà ló bá níbẹ̀. Ó padà sílé lọ sọ pé àwọn ilá òun yóò kú.

Kò yà á lẹ́nu pé bàbá rẹ̀ ní òun yóò bá a lọ. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé bàbá gbé agbádá funfun wọ̀, ó dé fìlà, ó sì ti háyà ọmọlanke pẹ̀lú ẹni tí yóò tì í.

"Kí lẹ fẹ́ kó níbẹ̀, bàbá?" ni sójà tó wà lẹ́nu géètì béèrè.

"Ilá ni," ni Alàgbà Àlímì dáhùn.

Sójà náà wo bàbá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wo Sìmbíátù. "Ilá?"

"Iṣẹ́ ìwádìí ọmọ mi ni. Bí kò bá rí omi, yóò kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ̀ lé wa kí ẹ fojú ara yín rí i."

Sójà tẹ̀ lé wọn lóòótọ́. Nígbà tó rí agolo ọ̀dà tó tò lọ rẹrẹ, ó gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó bá wọn gbé méjì sórí ọmọlanke. Wọ́n jáde láti Akọ́kà, wọ́n gba ọ̀nà Bàrígà wálé, ewé ilá ń mì tìtì lókè ọmọlanke, Alàgbà Àlímì ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń sin ìyàwó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń kírun dá a dúró lọ́nà.

"Yaqub, ṣé iṣẹ́ oko lo wá bọ́ sí ni?"

"Rárá o. Sìmbíátù ló ń wádìí ibi tí ilá ti ṣẹ̀ wá sáyé. Nínú ilé mi ló ti máa ṣe é báyìí."

Sìmbíátù gbọ́ ọ. Kò mọ̀ títí di ìgbà yẹn pé bàbá ti ń tẹ́tí sí gbogbo àlàyé òun.

Inú àgbàlá ilé wọn di oko. Ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, yóò ṣí òdòdó tí kò tíì là, yóò fi abẹ yọ akọ rẹ̀ kúrò, yóò sì fi àpò bébà kékeré bò ó. Ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ló ti ń gba àjẹkù bébà tó fi ń ṣe àpò náà, nítorí náà orí àwọn ilá kan ni orúkọ ìyàwó àti ọkọ wà, orí àwọn mìíràn ni ìdajì kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò gbọn lẹ́búlẹ́bú òdòdó ilá kejì sí i lórí, yóò so òwú pupa mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀, tó ti ń kùn, bẹ̀rẹ̀ sí í lé ewúrẹ́ àdúgbò sẹ́yìn kí Sìmbíátù tó jí.

Àǹtí Leah, nọ́ọ̀sì ní ọsibítù Igbóbì tó háyà yàrá méjì lẹ́yìn ilé wọn, kì í sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Òwú pupa yẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó jọ oògùn lójú rẹ̀. Sìmbíátù ṣàlàyé fún un, Àǹtí Leah ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá.

Àwọn èso olówùú pupa gbó, Sìmbíátù yọ hóró wọn, ó gbìn wọ́n. Àwọn ọmọ tó hù yìí ta yọ. Wọ́n ga ju ìyá àti bàbá wọn lọ, ewé wọn fẹ̀, wọ́n sì so wọ̀ǹtì-wọnti. Kò sí òwú kankan lára wọn mọ́. Sìmbíátù ń dúró kí èso náà gbó kó tó ṣí wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó ti Ṣómólú dé, ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ti ṣófo lára àwọn ilá náà. Ẹnìkan ti ká wọn. Bó ṣe dúró tó ń wò ó ni Àǹtí Leah yọ jáde láti ilé ìdáná, ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

"Sìmbí, má bínú o. Mo wọlé láti ibi iṣẹ́, kò sí ẹnì kankan nílé. Mo rí i pé o ti tú òwú yẹn kúrò, ni mo bá ní kí n bu díẹ̀. Mo fẹ́ san án padà fún ìyá yín."

Àyà Sìmbíátù já.

"Àmọ́ ilá yín yìí ò dáa o," ni Àǹtí Leah ń bá a lọ. "Ó kàn lẹ́wà lójú ni. Mo rẹ́ ẹ, kò sí hóró nínú ẹ̀. Awọ lásán."

"Kò sí hóró nínú èwo nínú wọn?"

"Nínú gbogbo wọn ni. Wá wò ó."

Sìmbíátù wọ ilé ìdáná. Ó tú ilá tó wà nínú abọ́ wò, ó fi ìka yẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tó yẹ kí hóró wà, nǹkan tó rọ́ bí eérú ló wà níbẹ̀. Ó wá yé e. Àwọn ilá méjèèjì lè fẹ́ra, wọ́n lè bímọ tó rẹwà tó sì lágbára, àmọ́ ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ yàgàn. Ìran wọn ti yà síra tipẹ́tipẹ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á nù," ó ní. "Ẹ ò ṣẹ̀ mí rárá. Ṣé ẹ lè bá mi rẹ́ ìyókù?"

Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n jọ ń ṣí ilá. Láàárín gbogbo rẹ̀, hóró díẹ̀ tó lè hù ni wọ́n rí, Àǹtí Leah ló sì kọ́kọ́ rí ọ̀kan. Ó gbé e sókè pẹ̀lú ayọ̀ bíi ti agbẹ̀bí.

Nígbà tí wọ́n ṣí yunifásítì padà, ó ku kó wo kírómósómù, àwọn fọ́nrán tíntìntín tó ń gbé àbùdá òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ nínú gbogbo ohun alààyè. Ti ilá kéré lójú, ó sì pọ̀ bí ìdin. Ó ń rúni lójú. Kò sí iná. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹkúndayọ̀ yọ gílóòbù inú máíkíróskóòpù, ó fi dígí sí i, wọ́n gbé e sẹ́bàá fèrèsé kó máa fi oòrùn ríran. Aró tó kù nílẹ̀ ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ kán sí i. Bí kùrukùru bá bo oòrùn, Sìmbíátù á dúró. Bó bá tún yọ, á bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, ó dá a lójú pé ti ilá tó ń pẹ́ pọ̀ ju ti èkejì lọ dáadáa. Kò kàn jẹ́ àbúrò ilá òjò. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìran méjì ló pàdé láyé àtijọ́, tí wọ́n pa ohun tí wọ́n ní pọ̀ sójú kan.

Ó gbé iṣẹ́ yìí lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ irúgbìn ní Ìbàdàn. Kò ní àwòrán aláràbarà bíi ti àwọn tó kù. Ó gbé ilá mẹ́ta dání, ti ìyá, ti bàbá àti ti ọmọ, ó fi ọ̀bẹ là wọ́n níṣojú gbogbo wọn. Obìnrin kan tó ń ṣàkóso ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irúgbìn tò ó lọ lẹ́yìn ìpàdé.

"Ta ló kọ́ ọ láti fi oòrùn ka kírómósómù?"

"Nẹ́pà ni, mà."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní àyè kan ń bẹ lọ́dọ̀ àwọn fún ẹni tí yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ DNA lára ewé, kó sì lo ọdún kan ní òkè òkun láti mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. "Ṣé wàá lè wá?"

"Màá wá, mà," ni Sìmbíátù wí. Kò ní òun fẹ́ lọ rò ó.

Ó lọ, ó kọ́ ọ, ó sì padà wálé ní 1993, àwọn ènìyàn sì ń rò pé orí rẹ̀ dàrú ni. Sójà ṣì ń jọba, epo ṣì ń wọ́n. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irúgbìn ní Ìbàdàn gbà á síṣẹ́ gidi, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ẹkúndayọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì sì bẹ̀ ẹ́ pé kó máa wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Akọ́kà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Adéjìmí, ọmọ àwọn tó wá láti Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí Ṣómólú. Òun ló dìde ní kíláàsì tó béèrè bóyá iṣẹ́ wà nínú nǹkan yìí.

"Ó wà," ni Sìmbíátù dáhùn. "Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú irúgbìn ń wá ènìyàn. Àwọn tó ń wá ẹ̀gẹ́ tí àrùn ò ní pa ń wá ènìyàn. Àwọn tó ń ṣọ́ igbó ọba fẹ́ mọ igi tó jẹ́ ìbátan igi. Àìmọye ewé ni ìyá yín ń sè tí ẹnikẹ́ni ò tíì ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹ ò ní rí gbogbo iṣẹ́ yìí lójú pátákó ìkéde níta. Ẹ máa ní láti mọ ọ̀kan nínú ohun ọ̀gbìn dáadáa débi pé wọn ò ní lè ṣe é láìsí yín. Adéjìmí, ṣé ẹ̀rù omi ń bà ọ́?"

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ ojú omi létí ọ̀sà Bàrígà, wọ́n kọjá sí ọ̀nà Ìkòròdú láti lọ gba irú ilá lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Nínú oko ìyá àgbà kan, wọ́n rí ilá kan tó ga kọjá orí ènìyàn, tí èso rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀. Sìmbíátù kò rí irú rẹ̀ rí. Ìyá náà ní ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ òun ló ti wá, pé ìtàn rẹ̀ gùn. Sìmbíátù kúnlẹ̀ kí i, ó fa àpò bébà yọ fún hóró, ó sì ní kí Adéjìmí wá ibi jókòó sí.