Ìbẹ́pẹ Tí Ìyá Ọkọ Mi Gé

Ẹ̀jẹ̀ ni mo rí nínú àwo ilé ìgbẹ́. Ọkọ mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀, kò rántí da omi sí i. Mo bi í léèrè, ó ní jẹ̀dí ni, pé ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Ọjọ́ mẹ́ta àwọn ọkùnrin! Ó ti ń fi pamọ́ fún mi láti oṣù mélòó kan.

Ìyá rẹ̀, tá à ń pè ní Màámi, gbọ́, wọ́n bá wá láti Baruwa sọ́dọ̀ wa ní Ìdímù. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ: adùn ló ń fa jẹ̀dí. Bí Màámi ṣe kó ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó kúrò nílé nìyẹn. Àgbo kíkorò láàárọ̀, ẹ̀bà lálẹ́. Ẹ̀fọ́ gan-an, wọn á bọ̀ ọ́, wọn á fún un títí, ìwọ̀nba tó kù ò ju ìtọ́wò lọ. Nígbà tí wọ́n pín èso àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa, Màámi gba ti ọkọ mi lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n fi fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ìgbẹ́ wá le bí òkúta. Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá máa gbọ́ bó ṣe ń kérora. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Àwọn ló bí i, èmi kàn fẹ́ ẹ ni. Mo ní ká lọ sí ọsibítù, wọ́n ní ṣé èmi ni màá kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ.

Ọjọ́ tí òòyì kọ́ ọ tó ṣubú ní bàlùwẹ̀ la tó gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ ti dín lára rẹ̀, àwọn dókítà ní láti fa ẹ̀jẹ̀ sí i. Wọ́n tún ní àwọn máa fi ẹ̀rọ wo inú ìfun rẹ̀, kó lè dájú pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Orí bẹ́ǹṣì níta ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Òun ni mo gbé sùn, òun ni mo gbé jí, àdúrà ò tiẹ̀ jáde lẹ́nu mi mọ́.

Èsì dé, jẹ̀díjẹ̀dí ni lóòótọ́: iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹnu ihò ìdí ló wú, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, torí ó ń fi tipátipá yàgbẹ́. Dókítà wá kọjú sí Màámi.

"Ẹ má bínú, Mà, adùn kọ́. Háhá, ìyẹn okùn tín-ín-rín inú èso àti ẹ̀fọ́, ló ń mú ìgbẹ́ rọ̀, òun ni ọmọ yín ò rí jẹ."



Wọ́n fi rọ́bà so iṣan náà, ó sì pẹ́ kí ara ọkọ mi tó balẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń rí ẹ̀jẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè lọ ṣàyẹ̀wò.

Nígbà tá a padà sílé, Màámi fúnra wọn ló gé ìbẹ́pẹ fún ọkọ mi. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó gbé májèlé fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, wọ́n ní:

"Ṣé kò sí nǹkan?"

Ó ní kò sí. Wọ́n bá bú sẹ́kún.

Ara ò mọ ẹni tó fẹ́ràn òun, ohun tá a bá fún un ló mọ̀. Mo dúpẹ́ pé ara ọkọ mi gba ìtọ́jú. Ẹkún ìyá rẹ̀ ni mi ò rí nǹkan kan ṣe sí.